Kí ni "vitro" ń wá lára ìgò àgbo Bàbá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Ìyá alágbo kan ládùúgbò wa fún un ní ìgò kan, ó ní yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi bébà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ hàn mí: "proven in vitro". Àbúrò mi obìnrin ń ṣe IVF láti fi wá ọmọ, wọ́n ní vitro ni V àárín yẹn. Ẹni tó ń ta táìsì fún mi náà tún ní kí n má ra èyí tó wọ́pọ̀, vitrified ni kí n rà. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn? Kí Bàbá máa mu àgbo yẹn ni? Ó ti ń sọ pé òun á dá oògùn dókítà dúró.

* * *

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló kánjú jù, ìyókù lè dúró. Kó má dá oògùn kankan dúró nítorí bébà yẹn.

Látìn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Vitrum ni àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ń pe gíláàsì. In vitro, "nínú gíláàsì" ni, ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì sì ń fi sọ ni pé inú túùbù tàbí àwo láàbù ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe nínú ara ohun tó ń mí. Tó bá jẹ́ nínú ara ẹranko tàbí ènìyàn ni, in vivo ni wọn ì bá kọ. Lóde òní, ike ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń lò ní láàbù, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ náà ló ṣì ń jẹ́.

Nítorí náà, bébà ìyá alágbo kò purọ́. Ó sọ pé inú túùbù ni wọ́n ti dán an wò. Ẹnikẹ́ni tó mu ún tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, kò dárúkọ ìyẹn. Ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, ní èdè tí ẹni tó ń rà á kò gbọ́.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Apá kan ní mò ń bú oògùn ìbílẹ̀, pé àwọn baba wa kò ní láàbù, síbẹ̀ wọ́n gbó, wọ́n tọ́. Apá kejì ní jìbìtì ni gbogbo àgbo, ká kó o dà sí gọ́tà. Mi ò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú yín.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, mo sì ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe irú ìdánwò àtọ̀gbẹ yìí láìmọye ìgbà. Bó ṣe rí nìyí. Nínú itọ́ wa àti nínú ìfun ni enzyme kan wà, amylase, tó máa ń fọ́ sítáàṣì sí ṣúgà. Ẹ bu omi ẹ̀kọ díẹ̀ sínú túùbù, ẹ kán iodine sí i, ó máa dúdú bí aró. Ẹ wá fi amylase sí i, ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, láìpẹ́ dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, torí sítáàṣì ń tán lọ. Tí ẹ bá ti da omi ewé sí i ṣáájú, tí dúdú náà kò sì kúrò, a jẹ́ pé ewé yẹn ti dí amylase lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé yìí lágbára lórí àtọ̀gbẹ, in vitro. Wọ́n á gbà á wọlé, á gboyè.

Kò purọ́ o. Àmọ́ ewé tó bá ṣáà ti ní tannin púpọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí obì àti ewé kíkorò máa fún ni lẹ́nu pọ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tannin máa ń gán mọ́ purotéènì tó bá bá pàdé, purotéènì sì ni amylase. Tíì lásán tí a ń mu láàárọ̀ lè dí i lọ́wọ́ nínú túùbù. Ta ló ti fi tíì wo àtọ̀gbẹ sàn nínú yín?

Nínú túùbù, omi ewé, sítáàṣì àti amylase nìkan ló pàdé. Nínú Bàbá, ẹran, ẹ̀wà, epo àti omi ikùn tó kan ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Èyí tó bá ríbi wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á mú un, á tú u ká. Bí omi ewé inú túùbù sì ṣe nípọn tó, tí a bá ní kó nípọn bẹ́ẹ̀ nínú ìfun àgbàlagbà, ìgò kékeré yẹn kò lè gbé e.

Ṣé kò wá lè ṣẹlẹ̀ rárá ni? Ó lè ṣẹlẹ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ acarbose, irú iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe, pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń lò ó, torí inú ìfun ló ti ń bá oúnjẹ jà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá àwọn tó ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n metformin, tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ń lò, kò bá amylase ní nǹkan ṣe. Ẹ̀dọ̀ ló dojú kọ jù, torí ẹ̀dọ̀ máa ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, àní lóru tí a kò jẹ nǹkan kan. Ká tiẹ̀ ní àgbo yẹn ń ṣe gbogbo ohun tí bébà sọ, kò lè gbapò metformin. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń ṣe.

* * *

Ẹnì kan pè mí níjà: "Dárúkọ oògùn ìbílẹ̀ kan tó ti inú túùbù yín bọ́ sí ara ènìyàn."

Orin àtà. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń ta ẹnu tí a bá ń rún un. Ní yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń pa kòkòrò ẹnu, inú àwo tí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi orin náà kàn kò tètè pa pupa rẹ̀ dà. Ohun tí wọn kò wá ni wọ́n rí. Ìyẹn ló gbé ọ̀rọ̀ lọ sídìí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń tẹ̀ kọdọrọ tó sì ń dí òpó ẹ̀jẹ̀. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin àtà ń mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ padà sípò. Inú gíláàsì ni o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Ìkejì ni NIPRISAN. Àgbo oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá kan ni, iyère, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba l'Ábújá, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dán an wò nínú túùbù, wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n sì fún àwọn tó ní àrùn náà mu, wọ́n ń ṣọ́ bí ìrora ṣe ń kọlù wọ́n sí. Ní 2006, NAFDAC fọwọ́ sí i, Nicosan ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wọ gbèsè nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìyẹn sì dun èmi.

Láti inú túùbù dé ọwọ́ NAFDAC, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà wọ́n. Ìyá alágbo fẹ́ kí Bàbá fò gbogbo rẹ̀ dá lọ́sàn-án kan.

* * *

Fún ẹni tó ní "tó bá ti pa kòkòrò nínú túùbù, á pa á nínú ara": 2020. Chloroquine dá kòrónà dúró nínú sẹ́ẹ̀lì láàbù, ìròyìn gba ayé, Trump dá sí i. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni àwọn kan ti gbé e mu ju bó ṣe yẹ lọ l'Ékòó tí wọ́n dèrò ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n wá fi èyí tó jọ ọ́, hydroxychloroquine, wo aláìsàn tó lé ní 1,500 ní Bìrìtìkó, kò dín ikú kù. Ọtí ògógóró náà ń pa kòkòrò nínú túùbù. Bílíìsì náà ń pa á.

* * *

Ó yá, IVF.

Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé "ọmọ inú ìgò" kì í ṣe ọmọ Ọlọ́run. Tó bá jẹ́ àbúrò mi ló ń ka irú èyí, inú mi kò ní dùn, torí náà n ó fèsì tààrà. Ọmọ kankan kò dàgbà nínú ìgò rí. Wọ́n á yọ ẹyin lára obìnrin, wọ́n á fi àtọ̀ pàdé rẹ̀ nínú àwo pelebe kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á tọ́jú ọlẹ̀ náà nínú ẹ̀rọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ènìyàn fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á dá a padà sílé ọmọ. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù, inú ìyá ẹ̀ ló wà, ìyá ẹ̀ ló ń rọbí. Túùbù tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pariwo, wọn kò tiẹ̀ lò ó. Louise Brown ni wọ́n kọ́kọ́ bí lọ́nà yìí, ní Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù keje 1978. Òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Ní tiwa, ilé ìwòsàn yunifásítì LUTH l'Ékòó ni, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru, ní 1989.

Ohun tó yẹ kí àbúrò yín bi wọ́n léèrè yàtọ̀ sí ẹ̀sìn. Tí ọlẹ̀ bá ṣẹ́ kù, wọ́n á ní kó jẹ́ kí àwọn bá a tọ́jú rẹ̀ ní dídì. Vitrification ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí, ẹ sì rí i pé gíláàsì tún yọjú. Tí omi inú ọlẹ̀ bá di yìnyín díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gún yìnyín á gún un ya. Wọ́n á wá fi oògùn kan fa omi rẹ̀ kúrò, wọ́n á tì í bọ nitrogen olómi lójijì, tí tútù rẹ̀ tó 196 sábẹ́ òdo. Kíákíá yẹn ni kì í jẹ́ kí yìnyín ráyè so. Ó á le, á mọ́ gaara, bíi dígí.

Mo rí i tí ẹnì kan ń bẹ̀rù NEPA. Kì í ṣe iná ló ń mú àgbá nitrogen tutù, omi inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bù kún un. Nítorí náà, kó má bi wọ́n nípa jẹnẹrétọ̀ nìkan. Kó bi wọ́n pé: ta ló ń wo bí omi àgbá yẹn ṣe kù sí, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, ibo ni wọ́n ti ń ra nitrogen, èló ni wọ́n á máa gbà lọ́dọọdún, kí ni wọ́n á sì ṣe sí ọlẹ̀ náà tí owó bá pẹ́? Kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé.

* * *

Táìsì. Ibí ni ariwo pọ̀ sí jù, mi ò sì mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ táìsì pọ̀ tó báyìí láàárín wa.

Vitrified, ìyẹn ni pé wọ́n sun ún títí ara rẹ̀ fi yọ́ wọ ara bíi gíláàsì, nínú iná tó tó bíi 1,200 lórí ìwọ̀n Celsius. Ihò kò sí lára rẹ̀ mọ́. Omi tó lè fà mu kò ju ìdajì kílò nínú ọgọ́rùn-ún kílò táìsì. Táìsì ara ògiri tó wọ́pọ̀ lè fa ju kílò mẹ́wàá lọ. Gbogbo ìjà yín, orí ìyẹn ló dá lé.

Oníṣẹ́ kan ní òun máa ń rẹ gbogbo táìsì sínú omi kí òun tó lẹ̀ ẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun. Ọ̀gá ẹ jàre, fún táìsì ògiri. Ìyẹn máa ń fa omi, tí kò bá kọ́kọ́ mu yó, á fa omi sìmẹ́ǹtì gbẹ kó tó le. Vitrified kì í mu omi. Kí lẹ ń rẹ?

Òun kan náà ló ṣì ń lo omi sìmẹ́ǹtì lásán, ó ní kò sóhun tó ń ṣe é. Ó ń ṣe é. Táìsì tó ń famu á fa sìmẹ́ǹtì díẹ̀ wọ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dì í mú. Vitrified kò ní ihò tí sìmẹ́ǹtì máa rá wọ̀, orí lásán ló máa jókòó lé. Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ẹ ó gbọ́ "pàá" lóru, táìsì pálọ̀ á gbéra sókè. Àwọn kan á ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Gọ́ọ̀mù táìsì tó ń wá nínú àpò ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ eléyín fà á, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ nu ìyẹ̀fun funfun tó wà lẹ́yìn táìsì kúrò. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi kọ́íìnì kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń dún ròrò bí ibi òfìfo, kí oníṣẹ́ tú u kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lórí bí a ṣe ń mọ ayédèrú lọ́jà: àwọn kan ní ẹ wo dídán rẹ̀. Dídán kò jẹ́ nǹkan kan, ojú lásán ni wọ́n kùn. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kán omi sí i, ẹ bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ owó díẹ̀, ẹ padà wò ó. Tí omi bá ti wọlé, kì í ṣe vitrified, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń fi ahọ́n kàn án. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n ń famu nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ lá táìsì lọ́jà Órílé o, omi náà tó.

Ẹ má sì fi èyí tó ń dán gbinrin sí balùwẹ̀ tí Bàbá máa ń lò. Tí omi bá kàn án, yíyọ̀ ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn lọ, n ó yára. Ẹni tó ń gbé ní Pọ́tónóvò ní ọ̀dọ̀ àwọn, vitre ni gíláàsì fèrèsé, vitrier lẹni tó ń fi í síbi tó yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, Faransé bá Látìn tan. Vidro ni tàwọn ará Brazil.

Àwo tánganran ìyá àgbà náà wà níbẹ̀. Irin ni inú rẹ̀, gíláàsì lílọ̀ tí wọ́n yọ́ lé irin lórí ni funfun yẹn. Ìdí nìyẹn tí funfun náà fi máa ń bó tó bá já lulẹ̀, tí irin ibi tó bó sì máa ń dípẹtà.

Ẹni tó sì sọ pé òyìnbó ló mú gíláàsì wá fún wa: kó lọ Ilé-Ifẹ̀, kó béèrè Igbó Olókun. Wọ́n ti ń ṣe gíláàsì níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, láti inú yanrìn àti òkúta ìlú níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Abidemi Babalola àti àwọn tó bá a wa ilẹ̀ ní 2011 sí 2012 rí ju 12,000 ìlẹ̀kẹ̀ lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá mu.

* * *

Obìnrin kan béèrè ohun tó ṣe pàtàkì, ẹ sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ìyá òun ń rí nǹkan bí eṣinṣin kéékèèké níwájú ojú, dókítà wá pe orúkọ "vitreous". Omi tó ki, tó mọ́ gaara, tó kún inú ẹyinjú nìyẹn, torí ó jọ gíláàsì ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ènìyàn bá ń dàgbà, ó máa ń di kókó díẹ̀díẹ̀, òjìji kókó yẹn lèèyàn ń rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò léwu. Àmọ́ tí "eṣinṣin" náà bá pọ̀ lójijì, tí ìyá ń rí iná tó ń kọ mànàmáná, tàbí tí ohun dúdú bí aṣọ ń bò ó lójú láti ẹ̀gbẹ́ kan, lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ojú. Ohun tó ń gbà ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú lè máa ṣí kúrò níbi tó wà.

Ẹni tó ní kó gbé ìyá lọ bá àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ohun funfun kúrò lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé. Wọn kì í yọ nǹkan kan. Ṣe ni wọ́n ń ti dígí ojú, ìyẹn ohun funfun yẹn, ṣubú sẹ́yìn sínú omi vitreous kan náà. Ó lè ríran díẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, inú gbogbo ilé á dùn. Lẹ́yìn náà ni ojú á wú, tí ọ̀pọ̀ á sì fọ́ pátápátá.

* * *

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti padà wá. Ó ní ìyá alágbo fi ìwádìí náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ síbí. Mo ti kà á.

Ìwádìí gidi ni, kì í ṣe ayédèrú. Ethanol, ìyẹn ògidì ọtí, ni wọ́n fi fa omi ewé náà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti rẹ ẹ́. Omi gbígbóná ni àwọn alágbo sábà máa ń fi sè é. Ohun tí ethanol ń fà jáde kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni omi ń fà. Ewé kan ṣoṣo ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìgò Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kà á fún wa, ní oríṣi márùn-ún. Amylase ni wọ́n fi dán an wò, acarbose ni wọ́n sì fi wé e, acarbose sì borí. Kò sí eku nínú rẹ̀, ká má tíì wá sọ ènìyàn. Àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn ní ìlà tó kẹ́yìn ojú ìwé yẹn ní kí àwọn mìíràn bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò nínú ara kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Ìyá alágbo kò kà dé ibẹ̀, tàbí ó kà á.

Ẹ yí ìgò náà padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i ní lẹ́tà wínníwínní: "These claims have not been evaluated by NAFDAC". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ pé ó ń wò sàn wò. Tí kò bá ní nọ́ńbà rárá, ìyẹn tún burú ju èyí lọ.

Ẹ bi ìyá náà bóyá ọtí ló fi rẹ ẹ́. Ọtí pẹ̀lú metformin kò dára fún àgbàlagbà. Tí Bàbá bá ta kú pé òun á mu ún, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀, ẹ má fi pamọ́, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ wo ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ fún un ní ṣúgà lẹ́nu tó bá ṣì lè gbé mì, kẹ́ ẹ gbé e dìde lọ sílé ìwòsàn.

Ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ gbé síbí. Ẹ gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́ rí bí omi ewé náà ṣe nípọn tó.